Má Ka Mọ́námọ́ná Mọ́ Ọká

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ sọ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, nìyí, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa. Gbogbo wa la mọ òwe yìí: àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Òwe náà dára fún ìpàdé ẹbí. Lóko, ó ti kó bá aláìṣẹ̀. Ó kó ẹni tí kò ní oró mọ́ àwọn olóró, igi kan náà la sì ń fi na gbogbo wọn. Mọ́námọ́ná, àbúrò òjòlá, ni ìyà náà pọ̀ jù fún. Ẹjọ́ rẹ̀ ni mo wá rò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nǹkan bíi mítà 1 ni àgbà rẹ̀ ń gùn. Èyí tó bá tó mítà 1 àti ààbọ̀, ọ̀gá ni láàárín wọn. Abo ju akọ lọ. Awọ rẹ̀ dúdú, ó ní àbàwọ́n ńláńlá tó láwọ̀ bí oyin, ikùn rẹ̀ funfun. Orí rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Lórí ètè rẹ̀ tòkè, ihò kéékèèké kan wà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn ló fi ń mọ ibi tí ẹran tí ara rẹ̀ ń móoru wà nínú òkùnkùn. Èékánná kékeré méjì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀: ohun tó ṣẹ́kù nínú ẹsẹ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní láyé àtijọ́ nìyẹn.

Ọká àti paramọ́lẹ̀ ńkọ́? Ara wọn ki, ìrù wọn kúrú, ìpẹ́ wọn rí ṣákaṣàka bí ewé èèpín. Ti mọ́námọ́ná ń dán, ó jọ̀lọ̀. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò na ọwọ́ fi kàn án wò, nítorí náà ẹ wo ìwà rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba paramọ́lẹ̀, á wú, á máa mí fùù, á sì múra àtibunijẹ. Mọ́námọ́ná á ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, á ki orí bọ àárín. Ó ń bẹ̀ wá pé kí a fi òun sílẹ̀ ni. Ìgbà náà gan-an la máa ń ráyè fi àdá gé e, àwọn ọmọ wa a sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook pé àwọn pa ejò ńlá. Akin wo ló wà nínú pípa ohun tó ti fi ojú pamọ́?

Iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa ńkọ́? Òru ló ń jáde. Ihò eku àti inú ọ̀gán ni ilé rẹ̀. Èyí tó kéré àti akọ a máa gun igi lọ jẹ ẹyẹ. Abo tó ti tóbi, eku ló ń wá kiri. Eku oko kan lè bí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ń ko àgbàdo sí àká, ẹ fúnra yín ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. A ń ra oògùn eku lọ́jà, a sì ń pa ẹni tí ń pa eku lọ́fẹ̀ẹ́! Ní Wídà, àwọn tó ń bọ Dangbé, òrìṣà tó jẹ́ ejò yìí, kì í fọwọ́ kan mọ́námọ́ná nípa ìkà. Bó bá wọlé, wọ́n á rọra gbé e padà sílé òrìṣà. Kò yẹ kí àwa tí ejò wà lórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa wá jẹ́ ẹni tí ń pa á.

Ibi tí mo dé nìyí tí bàbá ọdẹ kan fi dìde, ó ní: "Ọmọ mi, èyí tí mo rí nígbà kan funfun, ó ní ìyeyè lára, ojú rẹ̀ pupa. Mo sá. Ṣé ejò náà ni àbí àǹjọ̀nú?"

Ọ̀rọ̀ ẹyin ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí gba ọ̀pọ̀ nínú àkókò náà. Mo ní, Bàbá, àfín ni. Dúdú ni kò sí lára rẹ̀, ìyeyè ló kù. Ìyá àti bàbá tí wọ́n dúdú lè bí i, bí àwọn méjèèjì bá gbé e pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ mú un bí sílé ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fi èyí gun èyí, tí oríṣiríṣi àwọ̀ ń jáde: èyí tó ní àmì funfun gbàgàdà bí ewúrẹ́ abilà, èyí tó funfun látòkè délẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì búlúù. Ejò kan náà ni gbogbo wọn o. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní spider, tí ilà ara rẹ̀ rí bí òwú aláǹtakùn. Ohun tó fún un ní ẹwà náà ló fún un ní àìsàn: orí rẹ̀ a máa gbọ̀n, á dojú dé, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń mú un bí lọ. Ó dùn mí.

Ilẹ̀ wa níbí, Tógò àti Gánà ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun ti ń wá, aboyún ni wọ́n sì ń wá jù. Àdéhùn CITES, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí títa ẹranko àti ewéko igbó, ní kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé àṣẹ. Abo kì í yé púpọ̀, bíi 4 sí 10, á sì ká mọ́ ẹyin náà fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ ń tà á, ẹ rò ó.

Wọ́n ti ń na aago sí mi. Ìyá kan ní kí òun ṣe kí ni bó bá wọ ilé ìdáná òun. Mo ní, Ìyá, bí kò bá dá yín lójú pé mọ́námọ́ná ni, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe ọdẹ. Bí ọdẹ bá ní òun ni, kí ó fi apẹ̀rẹ̀ bò ó, kó rọra tì í sínú àpò, kó gbé e lọ sí ìdí ọ̀gán tó jìnnà sílé, kó tú ẹnu àpò, kó sì kúrò níbẹ̀.