Wáàsí Jímọ̀: Ọwọ́ tó kọ iye owó

Àsàlámù aleekumu, ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́ àti lẹ́yìn odi. A kú Jímọ̀ o.

Mo ń ka súrà Yáásín nínú Kùránì lẹ́yìn ìrun àsùbáà òní, mo dé ẹsẹ 65, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ Silvio Berlusconi, ará Ítálì tó kú lọ́dún 2023. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ní. Lọ́dún 1994 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, ọdún yẹn náà ló di olórí ìjọba. Ta ló tún lẹ́nu jù ú lọ? Síbẹ̀, ìwé ló mú un. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣàfihàn fíìmù Amẹ́ríkà, wọ́n ń bu owó lé iye tí wọ́n rà á nínú ìwé, kí èrè lè dà bíi pé ó kéré, kí owó orí lè dín. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ítálì fọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 4 fún un. Òfin ìdáríjì gé ọdún 3 kúrò. Ó ti dàgbà, kò wọ ẹ̀wọ̀n. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ní kó ti lọ máa ṣiṣẹ́.

Nínú ẹsẹ 65 yẹn, Ọlọ́hun ní lọ́jọ́ ìdájọ́ Òun yóò di ẹnu àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ pa, ọwọ́ wọn ni yóò máa bá Òun sọ̀rọ̀. Ọwọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ẹ má sọ pé ọ̀ràn òyìnbó nìyẹn. Mo ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà nígbà kan, ọ̀gá mi rán mi lọ ra ìṣó àti gúlù ní ọjà Ouando. 4,500 sẹ́ẹ̀fà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń tà á fa ìwé ya, ó na bíírò sí mi: “Àbúrò, kọ iye tó o bá fẹ́.” Mo kọ 5,000. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, ẹ má na bíírò yẹn sí ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ń rán níṣẹ́, túúbá nìkan kò tó níbi ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Ẹ dá a padà, tàbí kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ọ̀gá mi ti kú. Lóṣù tó kọjá mo wá ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ, mo jẹ́wọ́, mo kó owó lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?” Mi ò rí èsì fọ̀, nítorí ìwé tí mo kọ ní Ouando kì í ṣe ẹyọ kan.