Àyè Ló Ń Jẹ́ Ìkòyí

Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ̀yin àlejò wa, mo kí yín. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ya Ìkòyí méjì sọ́tọ̀. Bí ẹnìkan bá dárúkọ Ìkòyí létí ìyá mi, oríkì ló máa bọ́ sí i lẹ́nu: Èṣọ́ Ìkòyí, ọmọ ogun tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ìkòyí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn, ìlú àwọn jagunjagun. Ti Èkó ni tèmi lónìí, ilẹ̀ tí ọ̀sà fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká, ilẹ̀ Oníkòyí, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó kí òyìnbó tó dé. Bí ọmọ ìwòyí bá gbọ́ orúkọ yẹn, igi, ìdákẹ́rọ́rọ́, géètì gíga àti mègáàdì ló máa wá sí i lọ́kàn.

Ọbaléńdé ni mo dàgbà sí. Nígbà èwe wa, a máa ń fẹsẹ̀ rìn wọ Ìkòyí lọ ṣa fúrúùtù lábẹ́ igi. Kì í ṣe ilé ńlá ló ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Ilé ńlá wà lágbègbè wa náà; àwọn tó ti Brazil dé ti kọ́ ilé aláràbarà sí Pópó Àgùdà kí a tó bí bàbá mi. Àyè ló yà mí lẹ́nu. Ilé kan ṣoṣo á dá dúró sáàárín ọgbà, ọgbà ọ̀hún á sì tó gba gbogbo ojúlé àdúgbò wa. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi pé: ta ló fi àyè yìí sílẹ̀, kí ló sì dé?

Ẹ̀fọn ló fà á.

Ní 1897, Ronald Ross fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ní 1899, William MacGregor di gómìnà Èkó, dókítà sì ni òun fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ibà wà lára àwọn ọmọ adúláwọ̀, pé kí òyìnbó jìnnà sí wọn ló lè gbà á là. Bí wọ́n ṣe ṣe ní Freetown nìyẹn: orí òkè ni wọ́n kọ́ ilé òyìnbó sí ní 1904, wọ́n ń pè é ní Hill Station. MacGregor kọ̀ ní Èkó. Ohun tó fẹ́ ni pé kí wọ́n fa omi irà gbẹ, kí wọ́n pín oògùn ibà fún dúdú àti funfun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, torí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún wa bíi pé gbogbo òyìnbó ìgbà náà rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ọ̀nà míì wà. Ẹnìkan tó jẹ́ gómìnà dúró lé e lórí.

Odò tí wọ́n gbẹ́, tó ya Ìkòyí kúrò lára Erékùṣù Èkó, orúkọ MacGregor yìí ni wọ́n fi pè é. Ó dùn mí dọ́kàn pé odò tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ ìyàsọ́tọ̀ ló wá di ààlà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ìlú tiwa. Lugard, tó di gómìnà àgbà Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ò rò bíi tirẹ̀. Òfin tó ṣe lórí àwọn ìlú ní 1917 pàṣẹ pé kí àlàfo tó tó nǹkan bí mítà 400, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé, wà láàárín òyìnbó àti àwọn onílé. Wọ́n ní ẹ̀fọn ò ní lè fò kọjá rẹ̀, iná ò ní lè ràn kọjá, ìlù àwọn èèyàn wa ò sì ní dí oorun òyìnbó lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ìlù wà lára ohun tí wọ́n ṣòfin sí.

Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ dára, n kò ní parọ́. Wọ́n kọjú fèrèsé sí atẹ́gùn ọ̀sà, wọ́n gbé àjà sókè, fàráńdà gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ amúlétutù kankan. Ẹ̀yìn pátápátá ni ilé ìdáná àti bọ́ìsì kọ́tà wà. Òfin gba ọmọ ọ̀dọ̀ láyè láti sùn níbẹ̀: kúùkù, ológbà, ẹni tó ń fọṣọ. Àwọn ọwọ́ yìí ló bomi rin àwọn igi tí a ń yìn lónìí, ṣùgbọ́n kò sí òpópónà kan tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Lugard, Bourdillon àti Glover, àwọn gómìnà òyìnbó àtijọ́, ló wà lára pátákó. Glover nìkan ni àwọn baba wa fi ìfẹ́ sọ lórúkọ tiwọn, Ọba Gòlóbà.

Ní ìdàkejì odò, èèyàn ń há mọ́ra. Àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ní 1928 ni ìjọba sì dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Àjọ kan náà ló wá sọ irà Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn Ìkòyí di ilẹ̀ ilé lẹ́yìn náà.

Ní 1947, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ adúláwọ̀, Ivor Cummings, wọ Bristol Hotel ní Èkó, wọn ò sì gbà á. Ìlú gbóná. Gómìnà Richards kéde pé kí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ dópin níbi tí gbogbo èèyàn ń lò. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn mínísítà àti ọ̀gá àgbà iṣẹ́ ìjọba wa kó wọ inú ilé wọ̀nyẹn. Géètì kò yí padà. Ohun tó ń ṣí i ló yí padà: tẹ́lẹ̀ àwọ̀ ni, ó wá di ipò, lónìí owó ni.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá ní 1991, ilé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í di títà. Ọgbà tí ilé kan dá dúró sí tẹ́lẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kọ́ alájà mẹ́wàá sí. Wọ́n gé máńgò, wọ́n gé panṣẹ́kẹ́, wọ́n da kọnkéré bo ilẹ̀. Irà mà ni ibẹ̀ látilẹ̀wá! Ilẹ̀ gbẹrẹfu àti gbòǹgbò igi ló ń mu omi òjò. Bí a bá dí wọn, inú yàrá ni omi máa gbà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road wó lulẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá jẹun òòjọ́. N kì í lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má ronú kàn wọ́n.

Wọ́n ti kọ́ nǹkan bo odò MacGregor báyìí. Ẹ lè ti Èkó rìn wọ Ìkòyí láìmọ̀ pé ẹ sọdá ohunkóhun. Bí ẹ bá rìn ín, ẹ yà sí itẹ́ òkú tó wà níhà Ọbaléńdé. Herbert Macaulay wà níbẹ̀. Òun ló tẹ̀ lé Olóyè Olúwa, Ìdẹ́jọ bíi ti Oníkòyí, lọ sí London lórí ilẹ̀ Àpápá, títí ìgbìmọ̀ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, fi dájọ́ ní 1921 pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó fún àwọn tó ni ilẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1946 ni wọ́n sin ín sínú ilẹ̀ Ìkòyí. Ìkéde Richards ṣì ku bí ọdún kan.