Ìbọn Kì í Ṣe Kóńdó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọlọ́pàá Tó Ń Fi Ìbọn Ìléwọ́ Lu Èèyàn Nígbà Ìjà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ohun tí mo bá kíláàsì àwọn ọlọ́pàá tí mò ń kọ́ sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, mo kàn fi díẹ̀ kún un níbi tí àwọn kan ti bi mí ní ìbéèrè.

Mo ní kí èèyàn méjì bọ́ síwájú. Mo kó ìbọn ìdánrawò aláwọ̀ búlúù, èyí tí kò lè yìn láéláé, fún ọ̀kan nínú wọn, mo ní kó nà án sí ẹnìkejì, kó máa pariwo pé kó dọ̀bálẹ̀. Ẹnìkejì ò dọ̀bálẹ̀, ṣe ló sáré wọ̀ ọ́ lára, ó gbá ọrùn aṣọ ẹ̀ mú. Ká tó ṣẹ́jú, onítìbọn wa ti gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ẹ́ fi ìbọn yẹn la ẹnìkejì ẹ̀ lórí. Mo ní ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má mira. Mo wá ní kí gbogbo ilé wo ìka ẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá ti wọ inú tírígà, òun fúnra ẹ̀ ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

Kì í ṣe pé kò gbọ́n o. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Roger Enoka, tó mọ̀ nípa bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́, ti kọ̀wé lórí ìbọn tó ń dédé yìn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, ohun mẹ́ta ló sì tọ́ka sí: kí nǹkan já èèyàn láyà lójijì, kí ẹsẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ èèyàn, tàbí kí ọwọ́ kan máa fún nǹkan pinpin kí ọwọ́ kejì wá bá a fún tiẹ̀ náà láìjẹ́ pé a rán an níṣẹ́. Ẹ wá wo ìjà àdìmú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọwọ́ òsì ọlọ́pàá di aṣọ mú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yọ̀, àyà ẹ̀ ń lù kìkì, tó bá wá gbá ìbọn yẹn mọ́ egungun, gbígbá yẹn gan-an á tún mi ọwọ́ tó mú un. Tírígà Glock, irú ìbọn ìléwọ́ kan tí ọlọ́pàá púpọ̀ ń lò, bíi kílò 2.5 péré ni wọ́n ń fà kó tó yìn. Ọwọ́ ẹni tó ń jà fún ẹ̀mí ẹ̀ ń fún ju ìyẹn lọ dáadáa.

Ẹnìkan bi mí pé ṣé ìbínú ló ń mú wọn fi ìbọn luni. Nígbà míì, bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn dẹ̀ jẹ́ ìwà ọ̀daràn, kò nílò àlàyé púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù tí mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí ni ti ọlọ́pàá tí ọwọ́ ẹ̀ ti kún. Ó ti fa ìbọn yọ nígbà tí ọ̀nà ṣì jìn, ẹni tó nà án sí ò ní nǹkan ìjà kankan lọ́wọ́, torí náà kò lè yìn ín, ẹni yẹn náà ò dẹ̀ bẹ̀rù, ó ń bọ̀ tààrà. Ọwọ́ ọ̀tún ti di ọwọ́ ìbọn. Kò lè fà kóńdó yọ, kò lè di èèyàn mú dáadáa, kò lè jẹ́ kí ìbọn já bọ́ sílẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ náà ló fi ń lù. Wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa fà á yọ kíákíá, wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa yìn ín lu pátákó, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bó ṣe máa dá a padà sápò nígbà tí èèyàn wà lọ́rùn ẹ̀. Èmi ò rí ẹ̀bi tó tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ìbọn àgbélébàdí àwọn atukọ̀ ojú ogun láyé àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń yìn, ìdí ẹ̀ ni wọ́n fi bàbà dé kí wọ́n lè máa fi lu èèyàn tí ọta bá tán. Nígbà tó di ayé ìbọn Colt ọlọ́ta mẹ́fà, àwọn agbófinró ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́, Wyatt Earp lorúkọ ẹ̀ ròkè jù nídìí ẹ̀. Ní October 1880, ní Tombstone, Arizona, Fred White tó jẹ́ ọ̀gá agbófinró ìlú yẹn fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ oníjàgídíjàgan kan tó ń jẹ́ Curly Bill Brocius, ó di ẹnu ìbọn mú, ìbọn yìn, ó bà á ní ìsàlẹ̀ ikùn. Earp fi ìbọn la Brocius lórí, ó ṣubú. White kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kó tó kú ó sọ pé òun ò gbà pé ọkùnrin yẹn mọ̀ọ́mọ̀ yìn ín. Wọ́n jọ di ìbọn kan mú ni, ohun tó pa á nìyẹn.

Ọdún kejì, 26 October 1881, Virgil Earp, ẹ̀gbọ́n Wyatt, fi ìbọn lu Ike Clanton lórí láàárọ̀, Wyatt náà fi tiẹ̀ lu Tom McLaury; ọ̀tá àwọn Earp ni àwọn méjèèjì. Tí lílù bá ń parí ìjà ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n yìnbọn fúnra wọn nítòsí ọgbà ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní O.K. Corral, bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni, èèyàn mẹ́ta kú, Tom wà nínú wọn.

Ẹ tún má gbàgbé pé irin tó lé ní kílò kan ni Colt 1873 yẹn. Glock 17 òde òní, ike ló pọ̀ lára ẹ̀, tó bá kún fún ọta pàápàá kò pé kílò kan. Ó lè la awọ orí, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, ojú á kún fún ẹ̀jẹ̀, ẹni yẹn ò dẹ̀ ní ṣubú, inú á kàn túbọ̀ bí i ni. Ìbọn fúnra ẹ̀ náà ń jìyà. Tẹ́ ẹ bá fi ẹnu ẹ̀ gún èèyàn, irin òkè tí wọ́n ń pè ní slide á sún sẹ́yìn díẹ̀, kò dẹ̀ ní yìn mọ́ àfi tó bá padà sáyè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìdí ẹ̀ gbá nǹkan, mágásíìnì tó gbé ọta sínú lè já sílẹ̀. Tó bá wá di pé ẹni yẹn fa ọ̀bẹ yọ ńkọ́? Ti àwọn tó ń di ẹnu ìbọn mú kí wọ́n lè fi ìdí ẹ̀ lù bíi ti inú fíìmù, ikùn ara wọn ni wọ́n kọjú ìbọn sí o.

Ọ̀rọ̀ orí ló ń dùn mí jù. Egungun ẹ̀bátí fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Tí egungun yẹn bá sán tí iṣan yẹn já, ẹ̀jẹ̀ á máa kó jọ sáàárín agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ. Ẹni yẹn lè dìde, kó máa sọ̀rọ̀, kó ní òun ò ní nǹkan kan, kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí wọ́n tì í mọ́lé, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ jí i kó má jí. Torí náà ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi irin lù lórí, ọsíbítù ni àkọ́kọ́. Àtìmọ́lé lè dúró.

Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá púpọ̀ fi ka kóńdó tó bá balẹ̀ sórí sí agbára tó lè pààyàn. Kí ló wá yọ ìbọn sílẹ̀? Àwọn ìlànà àjọ UN tí wọ́n fẹnu kò lé ní Havana ní 1990 sọ pé ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ lo ìbọn sí èèyàn àfi tí ikú tàbí ìpalára ńlá bá ń bọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, wọ́n tún ní kí ìjọba fún wọn ní oríṣiríṣi irinṣẹ́ tí kì í pààyàn. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Graham v. Connor tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní 1989 ní kí wọ́n fi ojú ọlọ́pàá tó ní làákàyè tó wà níbẹ̀ wo agbára tí ọlọ́pàá bá lò. Èmi máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé: ní ìṣẹ́jú àáyá tó o lù ú yẹn, ṣé o lẹ́tọ̀ọ́ láti yìn ín? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìbọn yẹn la orí ẹ̀ náà nìyẹn. Kó o dẹ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí nínú ìjábọ̀ rẹ, má kọ pé o ‘tì í sẹ́yìn.’

Ibi kan wà tí mo gbà á o. Ẹni yẹn wà lórí rẹ nílẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, tàbí ó ń fún ẹ lọ́rùn, o fa tírígà, ìbọn ò yìn. Lù ú. Fi ẹnu ẹ̀ gún un lójú, ohunkóhun. Ẹ̀mí rẹ ni.

A padà sórí àwọn méjì yẹn. Mo ní kí onítìbọn fa ìgúnpá mọ́ ìhà, kí ìbọn sún mọ́ ìbàdí, kó fi apá òsì ti ẹnìkejì ní ọ̀fun, kó gbé ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wá fi ọwọ́ kan dá ìbọn padà sápò láìwò ó. Ẹ̀ẹ̀kíní, ìbọn bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnìkejì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀keje la gbọ́ tí àpò dún kọ́, ìka ẹ̀ nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ọwọ́ méjèèjì ṣófo. Ó wá di ọrùn ọwọ́ ẹni tó dì í mú, ó yí i, wọ́n jọ rọra wọlẹ̀.