Ohun Tí Ọmọ Tuntun Fi Hàn Wá Nípa Fòníkú-fọ̀ladìde

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti tọ́ ọmọ SS rí mọ nǹkan kan dájú: ọmọ náà kì í bẹ̀rẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Á máa mu ọmú, á máa rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá. Ó di nǹkan bí oṣù 6 kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí igbe òru tó dé. Ní 1948, dókítà àwọn ọmọdé kan ní New York, Janet Watson, tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: kí ló ń ṣọ́ ọmọ tuntun?

Hẹ̀móglóbìn ni. Òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, oríṣi tí ọmọ inú oyún ń lò sì yàtọ̀ sí tàgbà. Tàgbà tó jẹ́ SS ló máa ń so mọ́ ara wọn tó bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé, tí á há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni ìrora egungun ti ń wá. Hẹ̀móglóbìn inú oyún kì í so mọ́ra bẹ́ẹ̀. Àṣé ara ọmọ ní oògùn tẹ́lẹ̀, ó kàn pa á tì ni!

Mùdùnmúdùn egungun ló ń ṣe sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó pé ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Ti SS kì í sábà ju 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára fi ń gba ẹ̀mí là lónìí, tí kò sì wo àìsàn náà sàn. Àfi kéèyàn dé ìdí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣẹ̀ wá.

James Till àti Ernest McCulloch ló fi ìdí náà hàn ní Toronto ní 1961. Wọ́n fi ìtànṣán ba mùdùnmúdùn eku jẹ́, wọ́n fún un ní ti eku mìíràn, kókó kéékèèké tó kún fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sì yọ lára ẹ̀yà kan nínú ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí kókó kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ nìyẹn, ìyá tó ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù.

Bẹ́ ẹ bá fi ti ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, SS lè lọ. Ní 1984 ni ìròyìn àkọ́kọ́ jáde, nípa ọmọ ọdún 8 kan ní Memphis. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú tí wọ́n fi pààrọ̀ mùdùnmúdùn rẹ̀, SS bá a lọ! Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ọmọ bàbá pàápàá, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni tiwọn fi lè bára mu délẹ̀.

Ọ̀nà kejì ló wù mí jù, torí ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun ló ti wá. Ní 2008, Vijay Sankaran àti Stuart Orkin ní Boston fi hàn pé jíìnì kan (àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì), BCL11A, ló ń pa hẹ̀móglóbìn inú oyún lẹ́nu mọ́. Nínú ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Casgevy, tí Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní òpin 2023, wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á gé ibi tí jíìnì yẹn ti ń gba agbára nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Wọn ò fọwọ́ kan àbùkù SS rárá. Victoria Gray, ará Mississippi, ti gbà á láti 2019, kó tó di ohun tí ìjọba fọwọ́ sí.

Kò rọrùn o. Kí wọ́n tó dá a padà, oògùn líle ni wọ́n fi ń pa mùdùnmúdùn àtijọ́ run. Irun á re, ẹnu á bó, ó sì lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ èèyàn. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Ta ni nínú wa?

Hydroxyurea ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ní báyìí. Kápúsù lásán ni, òun náà ń jí hẹ̀móglóbìn inú oyún díẹ̀, ó sì ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè kò gbọdọ̀ yẹ̀, torí ó lè fa sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti àrùn wálẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè bóyá ẹni tó ti gba ìtọ́jú ńlá yẹn lè fẹ́ AS láìfòyà. Rárá o. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà mọ, kò dé inú àtọ̀ tàbí ẹyin obìnrin. Ẹni tí wọ́n fi mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ AA rọ́pò tirẹ̀, àyẹ̀wò lè gbé AA jáde fún un, síbẹ̀ S ni yóò fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Bó bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan, ìdajì-ìdajì ni: AS tàbí SS.