Ẹni Tó Bá Aláìsàn Wá: Abúlé Aro àti Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ti ìmọ̀ àwùjọ àti ti ìtàn ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú gbọ̀ngàn kan náà, ìdí nìyẹn tí n kò fi rì wọnú iṣẹ́ ẹnì kankan jù. Mo gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo sì fi ohun méjì tí wọ́n bi mí léèrè kún un.

Ní Èkó, bí ẹnì kan bá ń ṣe ségesège, wọ́n á ní ẹ gbé e lọ sí Yaba Left, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábà. Ní Abẹ́òkúta, Aro ni. "Ṣé kí n máa gbé ọ lọ sí Aro ni?" Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ rí nínú yín, kó nawọ́. Bẹ́ẹ̀, ibi tí a fi ń bú ara wa yìí ni àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ kó ẹrù wá ní 1961 láti wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ìjọba amúnisìn ti kọ́ ilé fún àwọn tí orí wọn dàrú sí Calabar àti Yábà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì ṣòfin lé e lórí ní 1916. Ìfinipamọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ilé wọ̀nyẹn. Ẹni tó ń da ọjà rú ni wọ́n ń kó lọ, kí ìgboro lè rójú. Ní Abẹ́òkúta, Lantoro ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tí ogun Hítílà da ọpọlọ wọn rú sí ní 1944.

Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers kọ, dókítà òyìnbó kan tó ti ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Nairobi. Ó ní ìwà aláwọ̀ dúdú dà bíi ti òyìnbó tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ kan iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ó tún ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ Abẹ́òkúta kan di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ tó tẹ ìwé yẹn.

Ọmọ náà ni Thomas Adeoye Lambo. Wọ́n bí i ní 1923, ó lọ Baptist Boys' High School, ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ti ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé Aro ní 1954 láti wá ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Ilé kò tíì parí. Dókítà wà, aláìsàn wà, bẹ́ẹ̀dì kò sí. Lambo kò dúró de kọngílá. Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé tó yí Aro ká sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n máa fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn òun.

Abúlé mẹ́rin ló wọ ètò náà. Ìlànà kan wà níbẹ̀ tí kò gba ẹ̀bẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ni o, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kó sì bá a gbé. Ẹni yẹn ni yóò se oúnjẹ, òun ni yóò fọ aṣọ, òun ni yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ láti gba oògùn tàbí abẹ́rẹ́, òun náà ni yóò sì lọ mú un bọ̀ lọ́sàn-án. Bó bá di alẹ́, àárín àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Àwọn tó mọ̀ nípa Geel ní Belgium máa ń fi Aro wé e. Láti ayébáyé ni àwọn ará Geel ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sínú ilé wọn, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ní Geel, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí ni aláìsàn ń lọ gbé. Ní Aro, ẹbí tirẹ̀ ló bá a wá, ìyàtọ̀ yẹn sì tóbi lójú mi ju bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tí aláìsàn bá ń padà sílé, ẹnì kan wà tó ti rí i nígbà tó le jù, tó rí bí ara rẹ̀ ṣe ń balẹ̀, tó mọ oògùn tó ń lò àti ohun tí yóò kọ́kọ́ yí padà lára rẹ̀ bí àìsàn náà bá fẹ́ gbérí. Ẹni yẹn ni yóò dúró láàárín agbo ilé, tí yóò ní, "Ó ti sàn o, mo wà níbẹ̀." Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ́dún méjì tí wọ́n wá já a sílẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ta ni yóò jẹ́rìí fún un?

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, àwọn tó ń yin Aro sì máa ń fò ó dá. Àwọn onílé ń gba owó yàrá. Ilé ìwòsàn fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n ń fín ẹ̀fọn. Ìwà àlejò ṣíṣe Yorùbá nìkan kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn àgbẹ̀ náà rí i pé ohun rere wà nínú rẹ̀ fún àwọn, inú mi sì dùn pé wọ́n rí i bẹ́ẹ̀, torí ètò tó bá dúró lórí àánú nìkan kì í pẹ́.

Bí ọ̀pọ̀ ṣe gbọ́ ìtàn náà ni pé Lambo kó babaláwo wọ ilé ìwòsàn òyìnbó. Òótọ́ ni pé ó gba àwọn adáhunṣe mọ́ra, tí wọ́n ń bójú tó eré àti ìpéjọ àwọn aláìsàn nínú abúlé. Àmọ́ àwọn aláìsàn kan náà ń gba Largactil, oògùn òyìnbó tó ń mú kí orí aláìsàn rọlẹ̀, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú oníná, èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ọpọlọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro ní ìparí àwọn ọdún 1950, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì rí i pé asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ń fún wèrè mu kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ẹbí kan ni igi náà àti igi Íńdíà tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ reserpine ní 1952, oògùn tí àwọn dókítà òyìnbó fi tọ́jú àìsàn ọpọlọ nígbà náà. Èyí dùn mọ́ wa nínú. Èyí tí kò dùn ni pé ilé irú àwọn oníṣègùn bẹ́ẹ̀ náà lẹ ti máa bá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán. Ní 2019, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch ṣì rí àwọn èèyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, nílé oníṣègùn, nílé àdúrà, ní ilé kéwú, títí kan inú ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ àṣà fún mi, kó sọ tọ̀tún-tòsì.

Ní 1961 tí mo mẹ́nu bà yẹn, Lambo àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó dókítà ọpọlọ àti onímọ̀ àwùjọ wọ àwọn abúlé ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti inú Abẹ́òkúta. Wọ́n ń bi àwọn èèyàn nípa oorun, ẹ̀rù, àyà jíjá àti ìbànújẹ́, wọ́n sì fi ìdáhùn wọn wé ti agbègbè kan ní Kánádà tí wọ́n pè ní Stirling County. Ìrẹ̀wẹ̀sì tí Carothers ní kò wọ́pọ̀, wọ́n bá a níbẹ̀. Wọ́n sì rí i pé abúlé tí àjọṣe ibẹ̀ ti túká ni àìsàn ọpọlọ ti pọ̀ jù.

Kò pẹ́ sí i, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí schizophrenia, àìsàn ọpọlọ líle tí èèyàn fi lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ní orílẹ̀-èdè 9, aláìsàn 1,202. Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, Agra ní Íńdíà wà níbẹ̀, London àti Moscow náà. Nígbà tí wọ́n padà wò wọ́n lẹ́yìn ọdún 2, àwọn ti Ìbàdàn àti Agra ń ṣe dáadáa ju àwọn tó wà nílẹ̀ olówó lọ. Ẹbí ni ọ̀pọ̀ fi ṣe àlàyé. Àwọn onímọ̀ ti bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ títí, èmi kò sì fẹ́ràn ohun tí àwọn kan fi àbájáde yẹn ṣe. Wọ́n sọ ọ́ di àwáwí: níwọ̀n ìgbà tí ẹbí wà, kí ni a tún ń náwó sí?

Ẹ wá sí ẹnu ọ̀nà kíliníìkì ọpọlọ láàárọ̀, kí ẹ wo ẹbí tí wọ́n ń sọ. Obìnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́fà. Fúláàsìkì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, káàdì àti rìsíìtì àtẹ̀yìnwá wà nínú ọ̀rá dúdú. Ó di ọwọ́ aṣọ ọmọkùnrin rẹ̀ mú, ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n. Nọ́ọ̀sì bi ọmọ ní ìbéèrè, ìyá ló dáhùn. Wọ́n kọ oògùn, ìyá ló lọ san owó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì láti àárọ̀, bó ṣe wà ní títì lóṣù tó kọjá. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ yẹn, kò sí ibì kankan tí orúkọ rẹ̀ wà àfi níwájú "ẹni tó mú un wá." Ètò Lambo mọ̀ pé ìyá yìí wà, ó fún un ní yàrá, omi àti alájọgbé. Tiwa mú un lọ́fẹ̀ẹ́.

Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan dìde nígbà tí mo parí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta lẹ fẹ́ kó wá bá a gbé lónìí? Ẹ̀gbọ́n wà ní Kánádà, àbúrò ń jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí, màmá fúnra wọn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru." Ìbéèrè tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo ní kò dìgbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá dá a gbé. Kí àwọn ẹbí pín in sọ́sẹ̀ sọ́sẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà máa fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ dípò ara rẹ̀, kí ilé ìwòsàn sì ní yàrá olówó pọ́ọ́kú nítòsí fún ẹni tó bá aláìsàn wá. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti gba ipò òfin ayé àtijọ́ tó fìdí múlẹ̀ lórí ti 1916. Ẹ̀tọ́ aláìsàn wà nínú rẹ̀. Èmi ń dúró de ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ kan yóò kọ owó oúnjẹ ẹni tó bá aláìsàn wá sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Bàbá kan wá béèrè bóyá mo ní kí wọ́n má gbé aláìsàn lọ sí ilé àdúrà mọ́. Mo ní rárá o, bàbá. Oye Gureje, dókítà ọpọlọ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán ọ̀nà kan wò ní Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2020. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá aláìsàn nílé oníṣègùn àti ilé àdúrà tí wọ́n wà, wọ́n ń fún wọn ní oògùn níbẹ̀, wọ́n sì ń bá onílé sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kó tọ́jú wọn. Lẹ́yìn oṣù 6, ara àwọn wọ̀nyẹn yá ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá máa gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kíliníìkì mọ ilé àdúrà náà, kí oògùn máa dé ibẹ̀, kí ẹnì kan nínú yín máa sùn níbẹ̀. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tí ẹ bá níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ.