Bí a ṣe ń fi gbéborùn orí omi ṣe apẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ewéko tó ń léfòó lórí omi, tó wà lọ́wọ́ mi yìí (water hyacinth), gbéborùn làwọn èèyàn ń pè é, torí pé kò sí ilé tí kì í yà. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, lódò Àgbádárìgì. Látìgbà yẹn ló ti ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, tó sì ń ya àwọ̀n apẹja.

Ẹ má ṣì í mú fún òjúoró o. Òjúoró kò ní ọ̀pá tó ṣe é hun.

Ìgbà òjò ni kẹ́ ẹ kó o. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi òkun wọ ọ̀sà Èkó, iyọ̀ á pa á. Ibi tó ti dì pọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti fà á, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń du oòrùn mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí ọ̀pá wọn fi ń gùn. Èyí tó dá wà máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù, kò wúlò fún wa. Àwọn apẹja ló ń kó tèmi wá báyìí: èyí tó bá dí ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n á kó o sọ́kọ̀, èmi á sanwó abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ewé àti gbòǹgbò kúrò, ẹ kó wọn jìnnà sódò kí wọ́n lè jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ fọ ọ̀pá rẹ̀ títí ẹrẹ̀ á fi tán.

Ibi sísá yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Nínú 100, ó lé ní 90 tó jẹ́ omi. Abọ́ ńlá kan tẹ́ ẹ kó wálé, ìdì kékeré ló máa kù. Ẹ sá a sórí àtẹ tó ga nílẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ máa yí i lójoojúmọ́, ẹ kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba méjì. Ìdí ọ̀pá tó nípọn ló ń gbẹ kẹ́yìn. Ẹ fi èékánná tẹ ibẹ̀: tó bá ṣì rọ̀, kò tíì gbẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kánjú, mo ta apẹ̀rẹ̀ 12 fún oníbàárà kan. Kò pé oṣù kan tí gbogbo rẹ̀ fi bu. Mo dá owó padà, ó sì dùn mí wọra.

Tó bá gbẹ tán, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ fi aṣọ tútù dì í kó lè rọ̀. Ó yá, ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ so mẹ́ta pọ̀ lórí. Ọ̀tún gba orí àárín, òsì gba orí àárín, ẹ máa fà á le bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń di irun. Tí ọ̀kan bá ku bí ìka kan, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán lójú kan náà, ibẹ̀ ló máa já.

Ẹ wá ká okùn náà bí òṣùká, kẹ́ ẹ máa fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ìlà tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ìdí apẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ da abọ́ oníke kan dojú dé, ẹ gbé ìdí náà lé e, kẹ́ ẹ rán ara rẹ̀ yí abọ́ ká wálẹ̀. Ẹ má fún un jù, kí abọ́ lè yọ.

Ẹ fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ irun tó yọ. Ẹ tún sá a lóòrùn, nítorí omi tẹ́ ẹ wọ́n sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi èékánná tẹ ìdí rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.