Tòkunbọ̀ kan ní Eton

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ọmọ mi ọkùnrin, Tòkunbọ̀, ti pé ọdún méjìlá, àwọn ẹbí sì ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ti máa ń gbé inú ọgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Windsor lọ́jọ́ Sátidé, tí mo fi rin orí afárá odò Thames kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́ Eton.

Ọba Henry Kẹfà ni ó dá Eton sílẹ̀ ní ọdún 1440, kí 70 ọmọ aláìní lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ipò àwọn 70 yẹn ṣì wà títí di òní, George Orwell, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn nígbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí òbí wọn ń sanwó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan, owó ọ̀hún sì ju £60,000 lọ lọ́dún. Olórí ìjọba Bìrìtìkó 20 ni ó ti ibẹ̀ jáde, láti orí Walpole dé orí Boris Johnson.

Orúkọ tiwọn kọ́ ni ó wà lọ́kàn mi. Tòkunbọ̀ mìíràn ni mò ń rò, ọmọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó wọ Eton ní 1964, ní ọdún kan náà tí bàbá rẹ̀ jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí àwọn sójà fi pa bàbá náà ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, 1966. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ká ọmọ mọ́ àárín àlejò, ta ni yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?

Dillibe Onyeama, ọmọ Ìgbò tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ní 1969. Bí ó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Bí ó bá ta yọ nínú eré ìdárayá, àwọ̀ rẹ̀ náà ni. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1972, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ọdún 2020 ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà tó tọrọ àforíjì. Tòkunbọ̀ Akíntọ́lá ti kú láti 1973.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi béèrè bóyá ọmọ lè wá sílé láàárín táàmù. Mo fà á mọ́ra, mo sì ní kó jókòó, kí n sọ ìtàn ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà fún un.